Lẹ́tà sí Fọlákẹ́ láti Houston

Houston, Texas,
Ọjọ́ Kejìlá, Oṣù Kejì, 2025.

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. Bàbá Tómi ńkọ́? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ṣé ọyẹ́ ti ń kúrò nílẹ̀ ní Ifẹ̀? Bá mi kí Màmá dáadáa, kí o sọ fún wọn pé egbò igi tí wọ́n fi ránṣẹ́ dé ọwọ́ mi, àmọ́ kíkorò rẹ̀ kọjá àfẹnusọ.

Ohùn gígùn tí o fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp, mo gbọ́ ọ látòkè délẹ̀. O kú oríire pé wọ́n fi ọ́ ṣe olórí àwọn Pathfinder, ẹgbẹ́ àwọn ọmọdé àti ọ̀dọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì Adventist yín. O wá ní kí n sọ fún ọ, èmi tí mò ń kọ́ ọmọ àwọn Júù ní kẹ́mísírì, kí ni wọ́n ń fún àwọn ọmọ wọn jẹ tí wọ́n fi ń dúró ti ẹ̀sìn bàbá wọn, nígbà tí tiyín ń sá lọ bí wọ́n bá ti wọ yunifásítì. Àwọn náà ń ráhùn o, má rò pé gbogbo ọmọ wọn ló ń dúró. Àmọ́ màá sọ ohun tí ojú mi ń rí.

Jẹ́ kí n tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti orí oúnjẹ gan-an, torí ibẹ̀ ni o ti máa fi mí rẹ́rìn-ín. Ṣé o rántí bí a ṣe ń fi ọ́ ṣẹ̀fẹ̀ ní họ́sítẹ́ẹ̀lì pé o ò jẹ edé, o ò jẹ ìgbín, ẹja àrọ̀ lásán o ní kò ní ìpẹ́? Ó ti kàn mí báyìí. Gbogbo ohun tó wà nínú Léfítíkù 11 tí o máa ń kà sí wa létí, òfin ilé-ìwé wa ni. Wọ́n tún fi ti ẹran àti wàrà tí kò gbọdọ̀ pàdé kún un: ìkòkò ẹran kì í ṣe ìkòkò wàrà, ṣíbí ẹran kì í ṣe ṣíbí wàrà, microwave méjì ló wà ní yàrá àwọn olùkọ́, ọ̀kan ní téèpù pupa lára, èkejì ní ti búlúù. Oúnjẹ tí mo bá sè nílé kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ rárá. Inú mọ́tò mi ni mo ti ń jẹ ẹ̀fọ́ rírò, edé inú rẹ̀ á máa wò mí, èmi náà á máa wò ó. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé kì í ṣe àgbà ló ń ṣọ́ òfin yìí. Àwọn ọmọ fúnra wọn ni. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá á rí abọ́ lọ́wọ́ rẹ, á rọra bi ọ́ pé, “Ẹ jọ̀ọ́ mà, ti ẹran ni àbí ti wàrà?” Kò ní gbójú sí ọ, kò sì ní gbójú fò ó.

Ìdajì ọjọ́ ni wọ́n fi ń kọ́ Tórà (ìwé òfin Mósè), Talmud (ìwé àríyànjiyàn àwọn ọ̀mọ̀wé wọn àtijọ́ lórí òfin) àti èdè Hébérù; ìdajì tó kù ni tiwa, ìṣirò, sáyẹ́ǹsì, Gẹ̀ẹ́sì àti ìtàn. Ìdí nìyẹn tí aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ fi máa ń bá ọ̀pọ̀ wọn nílé-ìwé. Àdúrà ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ ní òwúrọ̀. Àwọn ọmọkùnrin tó ti lé ní ọdún mẹ́tàlá á de àpótí awọ kékeré mọ́ apá àti iwájú orí, okùn awọ rẹ̀ á yí apá ká títí dé ìka ọwọ́, bí Diutarónómì ṣe wí. Ráábì, olùkọ́ ẹ̀sìn wọn, máa ń wà níbẹ̀, àmọ́ ọmọ ilé-ìwé ló ń gbé àdúrà, ọmọ ilé-ìwé ló ń ka Tórà sókè, ọmọ ilé-ìwé ló ní ìwé tí wọ́n kọ orúkọ ẹni tó kàn sí. Bí ẹni tó kàn bá sùn gbàgbé, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ni yóò pè é lórí fóònù.

Ibi tó ń dùn mọ́ mi jù ni yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ Talmud. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ gba ibẹ̀ kọjá, mo rò pé ìjà ni. Ariwo ibẹ̀ ju ti Odò-Ògbè lọ́jọ́ ọjà lọ. Méjì-méjì ni wọ́n ń jókòó kojú ara wọn, ìwé ńlá kan á wà láàárín, ọ̀rọ̀ àtijọ́ ní àárín ojú ìwé, àlàyé àwọn ọ̀mọ̀wé ní ọ̀tún àti ní òsì, wọn á wá máa jiyàn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo dúró ti àwọn ọmọbìnrin méjì tí mò ń kọ́ ní kíláàsì kọkànlá. Ẹjọ́ tó wà níwájú wọn ni pé ènìyàn méjì di aṣọ kan mú, ọ̀kan ní èmi ni mo rí i, èkejì ní èmi ni mo rí i. Ìdáhùn ìwé ni pé kí àwọn méjèèjì búra, kí wọ́n pín in. Ó dáa. Bí ọ̀kan bá wá ní gbogbo rẹ̀ ni tòun, tí èkejì sì ní ìdajì ni tòun ńkọ́? Mo ní ṣebí kí wọ́n ṣáà pín in sí méjì náà. Ọ̀kan nínú wọn wò mí bí ẹni tó ń ṣàánú mi, ó ní, “Rárá mà, ẹni tó ní ìdajì ni tòun ti fi ẹnu ara rẹ̀ gbà pé ìdajì kejì kì í ṣe tòun. Ìdajì tí wọ́n ń jà sí nìkan la máa pín.” Nítorí náà ẹni àkọ́kọ́ gba ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, èkejì gba ìdá kan. Ẹnì kejì rẹ̀ ní òun kò gbà, pé kí ló dé tí òfin fi ń jẹ ẹni tó sọ òótọ́ níyà, ẹni tó fẹ́ gbogbo rẹ̀ ló jèrè. Mo fi wọ́n sílẹ̀ níbẹ̀, wọn ò mọ̀ pé mo ti lọ.

Wọ́n ń bá ráábì fúnra rẹ̀ jiyàn o! Mo gbọ́ tí ọmọkùnrin kan sọ fún un lójú mi pé àlàyé rẹ̀ kò bá ojú ìwé mu. Lọ́jọ́ tiwa, orí ìkúnlẹ̀ ni ìyẹn ì bá parí sí. Ráábì rẹ́rìn-ín, ó ní kó ṣí ìwé kó fi hàn òun. Síbẹ̀ bí ráábì kan náà bá wọlé, gbogbo wọn á dìde dúró. Ìgbà tí mo rí méjèèjì pọ̀ ni mo tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n fi kọ́ wa pé àfojúdi ni, kì í ṣe àfojúdi níbi gbogbo. Èmi tí wọ́n fi “pa ẹnu mọ́” tọ́ dàgbà, ó kọ́kọ́ ṣòro fún mi, pàápàá nígbà tí wọ́n bá gbé ìwà náà wá sí láàbù mi, tí wọ́n ń bá mi ṣẹjọ́ lórí máàkì kan péré. Lọ́yà ni gbogbo wọn máa dà.

Ọ̀rọ̀ lọ́yà mú mi rántí ìtàn kan tí o gbọ́dọ̀ sọ fún àwọn Pathfinder rẹ. Ìwọ mọ bí Ọjọ́ Ìsinmi ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ní ìwọ̀ oòrùn ọjọ́ Ẹtì, n ò níí kọ́ ọ nìyẹn. Ní oṣù Kejìlá tí ilẹ̀ ń tètè ṣú, ọ̀sán ni a ti ń tú ilé-ìwé ká lọ́jọ́ Ẹtì kí ẹnikẹ́ni má baà wà lójú títì nígbà tí oòrùn bá wọ̀. Ní ọdún 2012, ilé-ìwé Júù kan níbí (kì í ṣe tiwa), Robert M. Beren Academy, gbá bọ́ọ̀lù agbọ̀n dé ìpele tó kángun sí àṣekágbá nínú ìdíje àwọn ilé-ìwé aládàáni Texas. Ẹgbẹ́ TAPPS tó ń darí ìdíje náà fi eré wọn sí aago mẹ́sàn-án alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ilé-ìwé ní kí wọ́n bá àwọn sún un, TAPPS kọ̀. Ilé-ìwé ní ó dáa, àwọn kò ní gbá a. Wọ́n ti gbà fún Ọlọ́run. Àwọn ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù àti òbí wọn ni kò gbà: wọ́n gba kóòtù lọ ní ọjọ́bọ̀. Kí adájọ́ tó gbọ́ ẹjọ́ rárá, TAPPS ti yí ohùn padà, wọ́n gbé eré sí aago méjì ọ̀sán ọjọ́ Ẹtì. Àwọn ọmọ náà na Dallas Covenant ní 58 sí 46, wọ́n kó bàtà wọn kí ilẹ̀ tó ṣú. Lálẹ́ Sátidé lẹ́yìn tí Ọjọ́ Ìsinmi parí, wọ́n gbá àṣekágbá, Abilene Christian sì nà wọ́n ní 46 sí 42. Títí dòní àwọn ọmọ tiwa ṣì ń sọ ìtàn náà bí ẹni pé àwọn ni wọ́n gbá a, àwọn tó jẹ́ pé ọmọ kékeré ni wọ́n nígbà náà. Kò sì sí ẹni tó ń fi ìpàdánù àṣekágbá parí ìtàn ọ̀hún.

Lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan lọ́dún, gbogbo ilé-ìwé máa ń lo Ọjọ́ Ìsinmi pọ̀ ní ibùdó kan lẹ́yìn ìlú. Mo bá wọn lọ láti bá wọn ṣọ́ àwọn ọmọbìnrin. Ọ̀rẹ́ mi, àwọn ọ̀dọ́ Amẹ́ríkà láìsí fóònù fún ọjọ́ kan gbáko! Mo rò pé wọn á máa rìn kiri bí ẹni tí nǹkan sọnù lọ́wọ́ rẹ̀. Orin ni wọ́n ń kọ. Wọ́n jẹun tán, wọ́n kọrin, wọ́n ń fi ọwọ́ lu tábìlì títí abọ́ fi ń fò, àwọn tó ti dàgbà ń dìde jó lọ́wọ́ọ̀wọ́. Ní alẹ́ Sátidé tí Ọjọ́ Ìsinmi parí, wọ́n pa iná ilé, wọ́n tan àbẹ́là alárànpọ̀ kan, wọ́n gbé àpótí kékeré kan kiri kí oníkálùkù gbọ́ òórùn rẹ̀. Ó kàn mí, mo gbé e sí imú: kànáfùrù ni! Kànáfùrù inú ata ọbẹ̀ tiwa yìí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ké.

Ti ìfẹ́ ọmọnìkejì ni mo rò pé ó yẹ kí o wò fínnífínní, torí ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ Pathfinder wà. Kólo wà ní gbogbo kíláàsì, wọ́n ń sọ owó kékeré sí i ní àárọ̀. Èyí kò tíì jọ mí lójú, a ní ọrẹ Sunday School tiwa. Ohun tó jọ mí lójú ni Ọjọ́bọ̀. O mọ̀ pé ilé-ìwòsàn ńláńlá ló kún Texas Medical Center, aláìsàn ń ti ìlú jíjìn wá síbẹ̀. Àwọn ọmọ wa á to búrẹ́dì, wáìnì èso àjàrà, oúnjẹ àti àbẹ́là sínú báàgì fún àwọn ẹbí Júù tí Ọjọ́ Ìsinmi máa bá lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ọmọbìnrin kan tó wà ní kíláàsì kejìlá ló di iṣẹ́ náà mú lọ́dún yìí: ó ní àkọsílẹ̀ tirẹ̀, òun ló ń pe àwọn awakọ̀, òun ló ń bá ilé ìtajà dúnàádúrà. Ní ọ̀sẹ̀ kan búrẹ́dì kò pé. Mo retí kó sáré wá bá olùkọ́. Ó jókòó sórí àtẹ̀gùn, ó pe ilé mẹ́fà-méje, kí ilé-ìwé tó jáde, ìyá àwọn ẹlẹ́gbẹ́ rẹ̀ ti ń gbé búrẹ́dì wọlé. Kò sí àgbà tó bá a dá sí i. Ká má parọ́, èmi ì bá ti dá sí i.

Àwọn àgbà ní ìgbà ìkún omi Harvey ní oṣù Kẹjọ 2017 ni irú rẹ̀ fẹsẹ̀ múlẹ̀. Omi wọ Meyerland, àdúgbò tí Júù pọ̀ sí jù. Sínágọ́gù ńlá United Orthodox Synagogues bà jẹ́ débi pé wọ́n wó o. Àwọn ọmọ ilé-ìwé ló ń gbé kápẹ́ẹ̀tì tútù jáde nílé ẹni ẹlẹ́ni.

Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dára o. Owó ilé-ìwé wọ́n gan-an. Ó sì ń rẹ àwọn ọmọ. Mo ti rí ẹni tó sùn lórí tábìlì níwájú ásíìdì. Àwùjọ wọn kéré, gbogbo ojú mọra: bí ọmọ kan bá bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jà láàárọ̀, ìyá ìyá rẹ̀ ti gbọ́ kó tó di ọ̀sán. Ẹ̀ṣọ́ tó gbé ìbọn sì wà lẹ́nu géètì lójoojúmọ́. Láti oṣù Kẹwàá 2023 tí Hamas kọlu Ísírẹ́lì ló ti le sí i. Ó máa ń dùn mí pé ọmọ tó ń gbé ìwé kẹ́mísírì mọ́ àyà mọ ibi tí yóò sá pamọ́ sí ju bí ó ṣe mọ téèbù àwọn élímẹ́ńtì lọ.

Ṣùgbọ́n inú wọn ń dùn lásìkò yìí, torí Púrímù, àjọ̀dún wọn, kù sí dẹ̀dẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta ló máa bẹ̀rẹ̀. Wọn á ka Ìwé Ẹ́sítérì látòkè délẹ̀, bí wọ́n bá ti dárúkọ Hámánì tó fẹ́ pa àwọn Júù run, wọn á fi ẹsẹ̀ kilẹ̀, wọn á yí agogo onígi, ariwo á sọ kí ẹnikẹ́ni má baà gbọ́ orúkọ náà. Oníkálùkù á wọ aṣọ tó wù ú, olùkọ́ náà kò gbẹ́yìn. Ìgbìmọ̀ àwọn ọmọ ní kí n ṣe Ẹ́sítérì. Mo ní rárá, Fáṣítì ni mo fẹ́ ṣe, obìnrin tí ọba ránṣẹ́ pè tí ó ní òun kò lọ. Wọ́n ti ń jiyàn lórí ẹ̀ láti àná bóyá Fáṣítì lẹ́tọ̀ọ́ sí adé.

Fáṣítì mi á wé gèlè. Nítorí náà, bá mi wo aṣọ òkè sányán tó dáa, gèlè àti ìborùn nìkan ti tó. Ẹ̀gbọ́n Bùkọ́lá ń bọ̀ níbí ní ìparí oṣù yìí, Ìbàdàn ni wọ́n ti ń bọ̀, kí o bá mi fi lé wọn lọ́wọ́. Màá fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí àkáǹtì rẹ ní ọjọ́ Ajé. Má jẹ́ kí wọ́n tà á lówó iyebíye fún ọ nítorí o sọ pé Amẹ́ríkà ló ń lọ.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àdùkẹ́