Lẹ́tà sí bọ̀dá mi: dòdò Ìkirè ọjọ́ yẹn dà?

Bọ̀dá mi,

Ìyá Ìbejì gbé àpò dúdú yín wá fún mi lọ́jọ́ Sátidé, èyí tí zíìpù rẹ̀ ti bàjẹ́ tẹ́ ẹ máa ń fi okùn so lẹ́nu. Ó ní kí n wo ohun tó bá ṣì wúlò níbẹ̀ kí òun tó dáná sun ìyókù. Ìwé ilẹ̀ wà níbẹ̀, ìwé ọ̀kadà tẹ́ ẹ ti tà, káàdì ìdìbò. Nísàlẹ̀ pátápátá, nínú ọ̀rá, mo bá slíìpù èsì ìdánwò JAMB, ti àtiwọ yunifásítì. Kì í ṣe tiyín, tèmi ni. Ọdún 2003, máàkì 271. Ibi tí wọ́n ká a sí ti ń ya, àmọ́ nọ́ńbà ìdánwò mi ṣì hàn ketekete.

Ọdún kan rèé tẹ́ ẹ ti wà nínú ilẹ̀, ẹkún nìkan ni mo sì ń sun. Ẹ jẹ́ kí n bá yín jà díẹ̀ lónìí.

Ẹ mọ bí ọdún yẹn ṣe rí. ASUU, ẹgbẹ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, ti da iṣẹ́ sílẹ̀ láti òpin 2002, nǹkan bí oṣù mẹ́fà ni wọn ò fi kọ́ ẹnikẹ́ni, gbogbo ètò dojú rú. Kò sí Post-UTME nígbà yẹn, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn ti JAMB, 2005 ló dé. Kò sì sí pé èèyàn ń wo nǹkan lórí fóònù. Wọ́n á tẹ orúkọ àwọn tó wọlé sórí bébà, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ pátákó, ẹni tó bá fẹ́ mọ tirẹ̀ á wọ mọ́tò lọ wò ó. Ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ náà. Mọ́mì tú ìdí aṣọ, ó yọ owó ọkọ̀ Òṣogbo sí Ìbàdàn, àlọ àti àbọ̀, ó kó o lé yín lọ́wọ́. Mo fún yín ní slíìpù.

Ẹ jáde kílẹ̀ tó mọ́. Ẹ wọlé nígbà tí oòrùn ń rọlẹ̀, búrẹ́dì wà lọ́wọ́ yín. Ẹ ò jókòó. Ẹ ní, "Orúkọ ẹ ò sí níbẹ̀." Ẹ gbé búrẹ́dì lé orí tábìlì, ẹ wọ yàrá lọ.

Búrẹ́dì, bọ̀dá mi. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kì í gba Ìkirè kọjá kẹ́ ẹ má ra dòdò. Dòdò tó dúdú bí ẹ̀dú, tí wọ́n fi ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n kọjá àlà dín, tí ata ti wọ inú rẹ̀, tí wọ́n pọ́n sínú ewé. Gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá lọ ra ẹ̀yà ara rédíò ní Ìbàdàn, kí ẹ tó bọ́ bàtà ni òórùn rẹ̀ ti máa ń kún pálọ̀, tí Mọ́mì á máa bú wa pé ká lọ fọwọ́ ná. Lọ́jọ́ tó yẹ kí ẹ ti ibi orúkọ mi bọ̀, búrẹ́dì lẹ mú wálé, ọ̀rá ara rẹ̀ sì jẹ́ ti ilé búrẹ́dì ìsàlẹ̀ àdúgbò wa.

Ọdún méjìlélógún ni mo fi ń wo búrẹ́dì yẹn. Ṣé ẹ dé Ìbàdàn? Àbí gáréèjì lẹ dé, tẹ́ ẹ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, tẹ́ ẹ ro Bàbá tí owó ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kò jáde, tẹ́ ẹ ro ṣọ́ọ̀bù rédíò tó ń bọ́ ẹnu mẹ́fà, tẹ́ ẹ ro iye ọdún tí wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, tẹ́ ẹ sì dìde padà sílé? Nígbà míì màá sọ fún ara mi pé ọ̀nà Ìwó ni awakọ̀ gbà lọ́jọ́ náà. Ẹni tó bá gba Ìwó, níbo ló ti fẹ́ rí dòdò Ìkirè rà? Màá dá yín láre títí ilẹ̀ á fi ṣú. Bó bá di òru, màá tún rántí pé lọ́sẹ̀ kejì ẹ dá owó ọkọ̀ padà fún Mọ́mì, gbogbo rẹ̀. Ẹ ní ẹnìkan gbé yín lọ, ó gbé yín bọ̀, lọ́fẹ̀ẹ́.

Mi ò bi yín. Ọdún kejì mo wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, ẹ̀yin lẹ san owó rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Ẹ ta ọ̀kadà. Ta ló máa jẹun lọ́wọ́ èèyàn tán, tó máa tún máa bi í pé níbo lo dé lọ́jọ́ báyìí? Mo dijú, mo kọ́ṣẹ́, mo ń jẹun nídìí rẹ̀ dòní, mo sì fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí dókítà kékeré kan bá ń pàṣẹ ohun tí mo ti ṣe tán kó tó dé, slíìpù yẹn ló máa ń wá sí mi lọ́kàn.

Lóru ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tẹ́ ẹ lọ, èmi ni mo jókòó tì yín. Àwọn yòókù ti sùn. Mo la ẹnu, mo ní, "Bọ̀dá, lọ́jọ́ tẹ́ ẹ lọ Ìbàdàn yẹn…" Ẹ yíjú sí mi, ẹ ní, "Ṣé omi yìí ò yára jù?" Mo wo dríìpù. Ó yára díẹ̀ lóòótọ́. Mo dín in kù. Nígbà tí mo padà jókòó, ẹ ti di ojú.

Ìyàwó yín kékeré, ọmọ mi, náà ti dé orí ọ̀rọ̀ yìí o. Ẹni tẹ́ ẹ máa ń gbé sáàárín àwọn rédíò tó ti kú, tó máa ń fi sukudráífà tú wọn bí ẹni ń ṣiṣẹ́ abẹ. Yunifásítì Ìbàdàn ló mú, ìmọ̀ ìṣègùn. Mi ò rán an. Ó gba 312 nínú UTME, ìyẹn ìdánwò JAMB ti ìsinsìnyí, lọ́dún tó jẹ́ pé àwọn tí kò dé 200 lé ní mílíọ̀nù kan àtààbọ̀. Ẹ ò sí láyé nígbà tí ọ̀gá JAMB, Ọ̀jọ̀gbọ́n Ishaq Oloyede, bọ́ síta ní oṣù karùn-ún ọdún 2025 tó ní àṣìṣe wọ iṣẹ́ àwọn, tí omijé ń bọ́ lójú rẹ̀. Àwọn ọmọ tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 380,000 ni wọ́n ní kó tún ìdánwò ṣe, ní Èkó àti apá ibi tí àwọn Ìgbò wà. Tiwa kò sí níbẹ̀, àmọ́ mi ò lè sùn.

Ní UI, wọ́n á pín máàkì JAMB sí mẹ́jọ, wọ́n á pín ti Post-UTME sí méjì, wọ́n á ro méjèèjì pọ̀. 39 ló rí láti ibi JAMB. Ó gba 68 nínú Post-UTME, ìyẹn 34. 73 ló já sí. 73 kò pọ̀ tó kéèyàn fi sùn, kò sì kéré tó kéèyàn fi sunkún. Nínú àyè 100, 45 ni ti àwọn tí máàkì wọn ga jù, 35 ni ti àwọn ìpínlẹ̀ tó súnmọ́ ilé ìwé, tiwa wà níbẹ̀, 20 ni ti àwọn ìpínlẹ̀ tí ẹ̀kọ́ kò tíì gbilẹ̀. Èmi ń gbójú lé 35 yẹn. Òun ò fẹ́ gbọ́. Ó ní máàkì òun ni kó mú òun wọlé, kì í ṣe ibi tí wọ́n bí òun sí.

CAPS ló ń wò báyìí, ojú òpó tí JAMB gbé dé ní 2017. Not Admitted ló ń kọ síbẹ̀ lójoojúmọ́, bẹ́ẹ̀ wọn ò tíì dé orí tirẹ̀. Aago méjì òru ló máa ń wò ó, torí dátà òru ló ṣeé rà. Màá rí iná fóònù lábẹ́ ilẹ̀kùn, màá gbọ́ tí bẹ́ẹ̀dì dún, iná á kú. Kò jẹun dáadáa mọ́. Bí mo bá ní kó fi ilé ìwé mìíràn há ẹ̀gbẹ́ kan, á wò mí bí ẹni tó ti gbọ́ nǹkan tí òun kò gbọ́.

Ibẹ̀ gan-an ló ń dùn mí, bọ̀dá mi, torí nọ́ńbà tèmi la fi forúkọ rẹ̀ sílẹ̀. Fóònù mi la fi fi NIN rẹ̀ ránṣẹ́ sí 55019 nígbà tó fẹ́ gba kóòdù. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ọ̀dọ̀ JAMB wá, ọ̀dọ̀ mi ló máa kọ́kọ́ dé. Bàbá rẹ̀ ò tíì rí owó oṣù mẹ́rin gbà níbi iṣẹ́. Owó tó yẹ kí n fi pa mọ́ fún un, dídá ni mo ń dá a lójoojúmọ́, mo sì ń ṣí i jẹ. Lálẹ́ ọjọ́ Ajé, fóònù gbọ̀n lábẹ́ ìrọ̀rí. Kí n tó fà á yọ, mo gbọ́ ohùn ara mi: "Olúwa, má jẹ̀ẹ́ kó jẹ́ JAMB." Èmi, ìyá rẹ̀. Àwọn tó ń ta dátà ni. Mo jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì, mo sì rí yín lórí bẹ́ǹṣì ní gáréèjì, owó Mọ́mì nínú ọwọ́ yín, ọkọ̀ Ìbàdàn ń kún níwájú yín.

Mi ò tíì dárí jì yín. Ká ní ẹ sọ fún mi pé owó ò sí ni, ǹ bá sunkún, ǹ bá sì lọ ṣe nọ́ọ̀sì náà bákan náà. Àmọ́ ǹ bá mọ̀ bóyá mo tó bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tẹ́ ẹ tọ́jú slíìpù yẹn? Ẹni tó wo pátákó tán tí kò rí orúkọ, kí ló fẹ́ fi slíìpù ṣe?

Ó ń kan ilẹ̀kùn báyìí. Ó ní, "Mọ́mì, fóònù yín ló dún yẹn?"

Ó dún, bọ̀dá mi, nígbà tí mo ń kọ ọ̀rọ̀ slíìpù yẹn. Mo dojú rẹ̀ bolẹ̀. Mi ò tíì wò ó.

Àbúrò yín.