Ẹ má fi òjò lé àwọn agunkẹ̀kẹ́ kúrò létí odò Loire

Ọ̀gá Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lórí gígun kẹ̀kẹ́ létí odò Loire ní ilẹ̀ Faransé. Ó dùn mọ́ mi, àfi ibi tí akọ̀ròyìn yín ti ní bí òjò bá ti ṣú, kí arìnrìn-àjò jókòó sí hòtẹ́ẹ̀lì kó máa wo tẹlifíṣọ̀n. Rárá o. Tours, ìlú kan létí odò náà, ni ọmọbìnrin mi ń gbé, èmi àtirẹ̀ sì fi ọjọ́ olójò gun kẹ̀kẹ́ láti ìlú Blois dé ìlú Amboise. Ọjọ́ yẹn ni odò náà tó yé mi.

Iṣẹ́ télọ̀ ni mo ṣe kí n tó fẹ̀yìn tì, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti aṣọ. Bí aṣọ òjò kò bá dára, ojú rírán ni omi máa ń gbà wọlé. Ẹ yí i sódì kí ẹ tó sanwó. Bí ẹ kò bá rí ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ bo ojú rírán nínú, ẹ gbé e kọ́ padà. Èyí tó jẹ́ ọ̀rá pátápátá náà kò sàn, òógùn yín ni yóò rẹ yín. Ti ọmọ mi fẹ̀ bí agbádá, ó bo ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mọ́lẹ̀. Nígbà tí a dé orí afárá Blois, èyí tí wọ́n mọ parí ní 1724 lẹ́yìn tí ti àtijọ́ wó, atẹ́gùn kó sínú aṣọ náà. “Bàbá, ẹ bá mi dì í mú!” Mo dì í mú, ṣùgbọ́n ẹ̀rín kò jẹ́ kí n lè sọ̀rọ̀.

Àpilẹ̀kọ yín sì fo ohun kan tó ṣe pàtàkì. Láti 2008, òfin Faransé ní bí ojú ọjọ́ bá ṣókùnkùn débi pé a kò ríran jìnnà, ẹni tó ń gun kẹ̀kẹ́ lẹ́yìn ìlú gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù aláìlápá tí iná mọ́tò máa ń mú tàn yanran. Òjò lè sọ ọ̀sán di bẹ́ẹ̀.

Láti Blois lọ, orí òkìtì erùpẹ̀ gígùn kan la gbà. Levée ni wọ́n ń pè é. Bí oòrùn bá ń ràn, ẹ ó rò pé torí kí àlejò lè rí odò dáadáa ni wọ́n ṣe mọ ọ́n. Àmọ́ nǹkan bí ọ̀rúndún kejìlá ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí mọ irú rẹ̀ létí Loire, tí àwọn tó ń bọ̀ lẹ́yìn sì ń gbé e ga sí i, kí omi má bàa wọ oko àti ilé. A dúró lórí rẹ̀ nínú òjò. Lọ́wọ́ ọ̀tún, omi aláwọ̀ ẹrẹ̀ ń sáré. Lọ́wọ́ òsì, ẹnu ọ̀nà àwọn ilé kan rẹlẹ̀ ju ibi tí táyà wa wà lọ. Ọmọ mi wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò sọ nǹkan kan.

Ní àwọn ìlú etí odò yìí, ẹ wo ara ògiri. Wọ́n fín ìlà àti ọdún sára òkúta: 1846, 1856, 1866. Ibẹ̀ ni omi dé. Mo ní láti na ọwọ́ sókè kí n tó kan ọ̀kan nínú wọn. Ní 1856, àwọn òkìtì náà ya ní ọ̀pọ̀ ibi. Kì í sì í ṣe òjò tó ń pa yín lórí ló ń fa irú ìyẹn. Ẹsẹ̀ òkè Gerbier de Jonc, níhà gúúsù, ni Loire ti ṣẹ̀, ó sì ń rìn ju 1,000 kìlómítà lọ kó tó dé òkun Àtìláńtíìkì. Bí òjò ńlá láti ìhà òkun Mẹditaréníà bá pàdé èyí tó ń bọ̀ láti Àtìláńtíìkì, ìgbà náà ni jàǹbá dé. Nígbà ooru, yanrìn á yọ sáàárín odò, ẹyẹ á máa yé ẹyin sí i. Ẹni tó bá rí i nígbà yẹn nìkan kò lè mọ̀ pé ó lè bínú.

Ní abúlé Chaumont, a yà sábẹ́ igi kan nísàlẹ̀ ààfin, a jẹ búrẹ́dì tó ti tutù. (Ẹ ra búrẹ́dì yín láàárọ̀, ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù abúlé ni í ti ilẹ̀kùn lọ́sàn-án.) Ààfin yẹn ni Olorì Catherine de Médicis fún Diane de Poitiers, àlè ọkọ rẹ̀, lẹ́yìn tí Ọba Henri Kejì kú ní 1559, ó sì gba ààfin Chenonceau tó rẹwà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ mi ní òun ì bá má fún un ní nǹkan kan rárá.

Ọ̀nà gun òkè gba inú oko àjàrà lẹ́yìn ibẹ̀, ẹrẹ̀ sì pọ̀. Ẹ rọra tẹ bíréèkì. Ní Amboise, níbi tí wọ́n sin Leonardo da Vinci, ayàwòrán ará Ítálì nì, sí, òkúta ojú títì ń yọ̀, a sọ̀kalẹ̀, a ń ti kẹ̀kẹ́.

Ọkọ̀ ojú irin agbègbè, tí wọ́n ń pè ní TER, la wọ̀ padà sí Tours. Wọn kò gba owó kẹ̀kẹ́ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ yẹn, ṣùgbọ́n àyè kì í pọ̀ ní oṣù keje àti ìkẹjọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí kún un bí ẹ bá tún kọ nípa rẹ̀, kí ẹni tí òjò bá ká mọ́nà lè mọ ibi tí yóò yà sí.

Èmi ni,
Bàbá Télọ̀, láti Tours