Ẹyẹ kì í dúró de aago mẹ́sàn-án

Sí Olóòtú,

Inú ń bí mi, ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, aago mẹ́fà àárọ̀ ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni èmi àti ọmọ mi obìnrin dé ẹnu géètì ọ̀kan nínú àwọn ọgbà ẹranko ìjọba àpapọ̀. Ọjọ́ Ẹtì la ti gbéra n'Ìbàdàn, a sùn sí òtẹ́ẹ̀lì kan tí kò níná, torí kí a lè bá ẹyẹ jí. Aago mẹ́sàn-án kọjá ogún ìṣẹ́jú ni wọ́n tó ṣí géètì. Ọ̀gá ló mú kọ́kọ́rọ́ lọ sílé, ọ̀gá ò sì tíì dé.

Ẹni tó bá ti wo ẹyẹ rí mọ ohun tí mò ń sọ. Ìdájí ni ẹyẹ ń jẹ, ìdájí ló ń ké, ìdájí ló ń bọ́ sí gbangba. Tó bá fi máa di aago mẹ́wàá lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀ yìí, oòrùn ti mú, gbogbo wọn ti wọ abẹ́ ewé lọ. Ti ẹni tó gbé kámẹ́rà dání tún burú jù: ooru á máa gbọ̀n lórí ilẹ̀, àwòrán tí ẹ bá yà láti òkèèrè á wá rí bí èyí tí wọ́n yà lábẹ́ omi. Aago mẹ́sàn-án, ọjà là á ná nígbà yẹn.

Èyí tó dùn mí jù rèé. Bí a ṣe jókòó sórí búlọ́ọ̀kù lẹ́nu géètì, àlùkò kan bà sórí igi ọ̀dán tó wà lódìkejì wáyà. Ọmọ mi ló kọ́kọ́ rí i. Ara rẹ̀ dúdú bí aró tó ń dán, àtàrí rẹ̀ pọ́n, ó ń sáré lórí ẹ̀ka bí ọ̀kẹ́rẹ́. Ìgbà tó na apá láti fò sí ẹ̀ka kejì ni pupa abẹ́ rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ, pupa bí osùn tí wọ́n lọ̀ láàárọ̀ yẹn gan-an. Ọmọ tó ti ń pe "agbe ló laró, àlùkò ló losùn" láti jẹ́lé-ó-sinmi kò mọ̀ pé ohun tí àwọn àgbà fojú rí ni wọ́n ń wí. (Mo sọ fún un pé bàbà, irú èyí tó wà nínú wáyà iná, wà nínú pupa ìyẹ́ yẹn ní tòótọ́. Kò gbà mí gbọ́ títí a fi délé.)

Mo gbé kámẹ́rà sójú. Ẹ̀ṣọ́ kígbe. "Bàbá, ẹ má ya géètì ìjọba o! Ẹ ò tíì sanwó kámẹ́rà." Mo ní ẹyẹ ni mo fẹ́ yà. Ó wo lẹ́ǹsì mi, ó wo awò ọ̀nàjíjìn tó wà lọ́rùn ọmọ mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹyẹ lásán lẹ wá wò láti Ìbàdàn, sà?" Kí n tó la ẹnu, àlùkò ti lọ.

N ò bínú sí ẹ̀ṣọ́ yẹn. Òun náà ti wà lórí ìdúró láti òru, kọ́kọ́rọ́ ò sì sí lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn tó wà lókè rẹ̀ ni mò ń bá wí, àwọn tó ń fi aago ọ́fíìsì ṣí igbó.

Nígbà tí ọ̀gá dé, lẹ́ǹsì mi tún di ẹjọ́. Wọ́n ní ó gùn jù, pé ti àwọn oníṣòwò ni. Owó tí wọ́n gbà lórí kámẹ́rà nìkan ju owó ìwọlé àwa méjèèjì lọ, bẹ́ẹ̀ àwọn tó gbé fóònù olówó ńlá dání kọjá lófẹ̀ẹ́. Nígbà tí a sì wọlé, ọkọ̀ Hilux kan ń lọ níwájú wa tòun ti orin. Kí la rí? Awó mélòó kan, àwọn ọ̀bọ tó ń tòògbé lábẹ́ igi, àti lékèélékèé lẹ́yìn màlúù. Bẹ́ẹ̀ ni, màlúù, nínú ọgbà ẹranko. Ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Ẹyẹ tó wà ní Nàìjíríà lé ní ẹ̀yà 900. Ọ̀kan nínú wọn, ìbátan ẹ̀ga tí àwọn onímọ̀ ń pè ní Malimbus ibadanensis, kò sí níbòmíràn láyé yìí àfi apá ọ̀dọ̀ wa níbí. Lọ́dún 2020, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ọgbà tuntun 10 mọ́ 7 tó wà nílẹ̀, a pàtẹ́wọ́ fún wọn. Ta ni yóò máa jí ṣí wọn? Ní ọgbà ẹranko Kruger ní Gúúsù Áfíríkà, oòrùn ni wọ́n fi ń wọn aago: lóṣù Kejìlá géètì ń ṣí ní aago márùn-ún ààbọ̀, lóṣù Kẹfà tí ilẹ̀ ń pẹ́ mọ́, aago mẹ́fà. Kò gba ọgbọ́n àwọn òyìnbó. Ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ló kàn ní láti tètè jí.

Àbá mi rèé. Ọlọ́kadà tó gbé wa láti òtẹ́ẹ̀lì lọ sí géètì, ọmọ ọdẹ ni. Òkùnkùn ò tíì ká, kò rí nǹkan kan, etí lásán ló fi ń dá wọn mọ̀: "Àparò nìyẹn. Òròfó nìyẹn. Ẹ gbọ́ òwìwí yẹn, kò tíì lọ sùn." Mo ka méje kí a tó débẹ̀. Ẹ wá wò ó, ẹnu géètì náà ló já wa sí, torí kì í ṣe òṣìṣẹ́ ìjọba. Ẹni tó wá mú wa kiri nínú ọgbà mọ orúkọ ọ̀gá rẹ̀ dáadáa, ó pe awó ní adìẹ igbó.

Kí wọ́n mú irú àwọn ọmọ ọdẹ wọ̀nyẹn ní abúlé tó yí ọgbà ká, méjì sí géètì kọ̀ọ̀kan. Kí wọ́n fún wọn ní aṣọ, awò ọ̀nàjíjìn kan, àti kọ́kọ́rọ́ géètì ìdájí. Kí wọ́n kọ́ wọn ní orúkọ tí àlejò fi ń pe ẹyẹ, ti Yorùbá ti wà lẹ́nu wọn. Ẹni tó bá fẹ́ wọlé ní aago márùn-ún ààbọ̀, kó sanwó fún wọn tààrà, kí ọgbà mú ìdá tirẹ̀. Ẹ lọ wo afárá Kotu ní Gambia, àwọn ọ̀dọ́ ń fi mímú àlejò wo ẹyẹ jẹun níbẹ̀. Bàbá tó ń fi ìbọn wá ẹran wọnú igbó lóru yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì bí ọmọ rẹ̀ bá ń gbowó lórí kí ẹran náà wà láàyè.

Ní ti owó kámẹ́rà, kí wọ́n kọ iye rẹ̀ sára ògiri. Ní ti orin, kí wọ́n gba rédíò lẹ́nu géètì bí wọ́n ṣe ń gba ìṣáná.

Ìsinmi Àjíǹde ń bọ̀, ọmọ mi sì ti ń yọ mí lẹ́nu pé a máa padà lọ bá àlùkò wa. Ẹ bá mi bi wọ́n, Olóòtú: aago mélòó ni ọ̀gá máa dé?

Èmi ni,
Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, Ìbàdàn