Sí Àbẹ̀kẹ́, lórí owó tí o ń wá fún iṣẹ́ aṣọ rẹ

Àgbádárìgì

Àbẹ̀kẹ́ mi,

Mo rí àwòrán aṣọ alágèékù tí o fi ránṣẹ́, èyí tí o fi àgékù aṣọ rán pọ̀ fún àgbékọ́ ògiri. Mo fẹ̀ ẹ́ lórí fóònù títí ojú abẹ́rẹ́ etí àdìrẹ náà fi hàn kedere. Iṣẹ́ ńlá ni, ọmọ mi. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ kí o máa fi ìwé kan náà ránṣẹ́ sí gbogbo ẹni tó bá ti dárúkọ owó.

Owó yàtọ̀ sí owó. 5,000 dọ́là ti Tony Elumelu Foundation, òwò ni wọ́n fi ń ràn lọ́wọ́. Bí o bá fẹ́ máa rán aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì tà, ibẹ̀ ni kí o lọ. Prince Claus Fund ní Amsterdam, tiwọn jẹ mọ́ ọnà: nígbà tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bùn owó tí wọ́n ń pè ní Seed Award ní 2021, oníṣẹ́ ọnà 100 tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dìde ni wọ́n fún ní 5,000 yúrò lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tí LSETF, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó, ń yáni, ìwọ ni wàá san án padà, má fi tìyẹn ṣe aṣọ àgbékọ́ ògiri. Ní ti Amẹ́ríkà, owó ìjọba ìpínlẹ̀ wọn, ẹni tó ń gbé níbẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fún. Ka ìlànà kí o tó fi òru rẹ ṣòfò.

Bí wọ́n bá ní kí o sọ nípa iṣẹ́ rẹ, má ṣe bí ẹni pé orí YouTube ló ti bẹ̀rẹ̀. Ṣé o rántí ẹ̀kú eégún? Aṣọ lórí aṣọ, àgékù tí wọ́n gé etí rẹ̀ bí eyín ayùn, tí ìdílé ń rán tuntun mọ́ ọn bí ọdún ṣe ń yí. Ibẹ̀ ni kí o ti bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀.

Ìṣirò ló wá kù, ibẹ̀ ni mo sì ti lè bá ọ jókòó. Kọ aṣọ ojú, òwú àárín, aṣọ ẹ̀yìn, òwú ìránṣọ, epo jẹnẹrétọ̀, ọkọ̀ dé Mile 2, owó ayafọ́tò. Kọ owó àwọn obìnrin méjì tó ń bá ọ rán an. Lẹ́yìn náà, Àbẹ̀kẹ́, kọ owó ọwọ́ tìrẹ! Ẹ̀yin oníṣẹ́ ọnà máa ń fò ó, bí ẹni pé ìtìjú ni. Gbogbo ọdún tí mo fi ka ìwé owó ní káńsù, ìwé tí kò sí owó òṣìṣẹ́ nínú rẹ̀ ló máa ń kọ́kọ́ mú mi fura pé ẹni tó kọ ọ́ kò tíì ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ rí.

Ya fọ́tò kan tí ènìyàn dúró ti aṣọ náà, kí wọ́n lè mọ bó ṣe tóbi tó.

Ẹni tó bá sì ní kí o san nǹkan kí owó tó jáde, má dá a lóhùn. Ẹni tó ní òun ó dáṣọ fún ni, tọrùn rẹ̀ là á kọ́kọ́ wò: wá àwọn tó ti gba owó náà rí, kí o sì wo iṣẹ́ wọn.

Fi ìṣirò náà ránṣẹ́ sí mi kó tó di ọjọ́ Ẹtì, màá yẹ̀ ẹ́ wò. Bàbá rẹ ń kí ọ.

Èmi ni, ìyá rẹ.