Ìtọ́kọ̀ bàálù kò gbọ́ràn, wọ́n ní “nǹkan kékeré” ni

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn o. Inú ló ń bí mi tí mo fi gbé bírò. Lọ́jọ́rú tó kọjá ní Kútọnu, a ti wọ bàálù, a ti de bẹ́líìtì, ooru ń sè wá bí ẹ̀kọ inú ewé. Ó tó wákàtí kan ààbọ̀ kí wọ́n tó ní ká sọ̀ kalẹ̀. Mo bi ọmọbìnrin tó ń bójú tó wa pé kí ló dé. Ó ní “nǹkan kékeré” ni. Mo sọ̀ dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, mo bá àwọn awakọ̀ méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń bá mẹkáníìkì sọ̀rọ̀ ní Faransé, mo sì gbọ́ wọn ketekete: wọ́n yẹ ìtọ́kọ̀ tó wà nírù bàálù wò, ìyẹn ohun tó ń yí imú ọkọ̀ sọ́tùn-ún sósì, wọ́n tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, kò gbọ́ràn. Ṣé ìtọ́kọ̀ ló wá di nǹkan kékeré?

Mi ò bínú pé wọ́n sọ̀ wá. Ọlọ́run á bá mi san án fún àwọn awakọ̀ yẹn. Ohun tó ń dùn mí ni pé awakọ̀ mọ̀, mẹkáníìkì mọ̀, àwa tá a sanwó nìkan ni kò gbọdọ̀ mọ̀. Kí n tó dé Wàńdò nírọ̀lẹ́, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú mi dé ọjà. Ẹnì kan ní bàálù wa ti já sínú òkun. Ìyá alálùbọ́sà búra pé ó ti pẹ́ táwọn awakọ̀ ilé iṣẹ́ náà ti ń sọ pé àwọn ò wa ọkọ̀ yẹn mọ́. Ọmọ mi pè láti Kétu, ẹkún ló fi bẹ̀rẹ̀. Àhesọ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n “nǹkan kékeré” ló bí i.

Ta ló gbàgbé Kérésì 2003 nílẹ̀ wa? Boeing 727 tó gbéra ní Kútọnu forí sọ ilé kan lópin pápá, ó bọ́ sókun, àwọn tó kú lé ní ọgọ́rùn-ún. Nígbà tí àwọn olùwádìí Faransé parí iṣẹ́ wọn, wọ́n ní ẹrù ọkọ̀ náà ti pọ̀ jù, iwájú ló sì wúwo sí, àwọn awakọ̀ ò mọ̀ pé iwájú ló wúwo sí. Awakọ̀ o!

Àbúrò mi tó ń tún bàálù ṣe nílùú òyìnbó ló là mí lóye ti Indonésíà. Lọ́dún 2018, Boeing 737 MAX ti Lion Air, ilé iṣẹ́ bàálù kan níbẹ̀, já, èèyàn 189 ló bá a lọ. Ẹ̀rọ kan tí wọ́n ń pè ní MCAS ló ń tẹ imú ọkọ̀ wálẹ̀, nítorí irin kékeré kan lára bàálù ń parọ́ fún un pé imú ọkọ̀ ti gòkè jù. Ìwé tí wọ́n kó fáwọn awakọ̀ kò sọ̀rọ̀ MCAS rárá. Bàálù yẹn gan-an ti ṣe bẹ́ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ tó ṣáájú. Awakọ̀ kẹta tó kàn bá wọn wọkọ̀ wà pẹ̀lú wọn, wọ́n pa iná ohun tó ń tẹ imú náà, wọ́n balẹ̀ láyọ̀. Wọ́n kọ díẹ̀ sínú ìwé ọkọ̀, wọn ò kọ ọ́ tán. Ilẹ̀ mọ́, àwọn mìíràn gbé e, wọn ò padà. Kò pé oṣù márùn-ún tí ti Ẹtiópíà fi tẹ̀ lé e, èèyàn 157.

Ohun tí mo fẹ́ rèé. Ní Amẹ́ríkà, láti 1976, ibì kan wà tí awakọ̀ àti mẹkáníìkì lè kọ ohun tójú wọn rí sí. NASA, ilé iṣẹ́ ìjọba wọn tó ń ṣèwádìí òfúrufú, ló ń gbà á, kì í ṣe ọ́fíìsì tó lè gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ wọn. Wọ́n á yọ orúkọ kúrò, wọ́n á fi ìyókù han gbogbo ayé. Ẹ ṣe irú ẹ̀ fún wa níbí. Kó jẹ́ nọ́ńbà tẹlifóònù tí èèyàn á sọ̀rọ̀ sí, ní Faransé, Yorùbá, Gùn tàbí Fọ̀n, torí pé ẹni tó ń di ẹrù sínú bàálù náà ní ẹnu, ó sì lè má mọ̀ ọ́n kọ. Kó wà lọ́wọ́ àwọn olùkọ́ yunifásítì, kó má sí lọ́wọ́ àwọn ọ̀gá ọlọ́fíìsì tí ẹsẹ̀ wọn kì í dé pápá àfi bí kámẹ́rà bá wà níbẹ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì, kí rédíò ka ohun tó bá wọlé sétí gbogbo wa, láìdárúkọ ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ tó bá lé òṣìṣẹ́ torí pé ó sọ̀rọ̀, kí wọ́n má jẹ̀ ẹ́ kó fò mọ́.

Kí wọ́n sì tan ẹ̀rọ tútù fún wa bí ọkọ̀ bá dúró.

Àwọn aláṣẹ ti gbọ́ o. Ìtọ́kọ̀ kì í ṣe nǹkan kékeré. Owó tí mo fi wọ takisí padà sí Àjàṣẹ́ nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn náà ń bẹ nílẹ̀, ẹnikẹ́ni ò tíì bá mi dárúkọ rẹ̀.

Èmi ni,
Ìyá Aláṣọ,
Wàńdò, Àjàṣẹ́