Kí wọ́n yéé ya ìwé àtijọ́ tà!

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Inú ló ń bí mi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo rí ẹnì kan lórí íntánẹ́ẹ̀tì tó ń ta ojú ìwé kan ṣoṣo tí wọ́n ya kúrò nínú ìwé àdúrà àfọwọ́kọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, èyí tó ti tó nǹkan bí 600 ọdún, ó ti fi férémù sí i, ó ní ó máa bá ògiri pálọ̀ mu. Ògiri pálọ̀ kẹ̀! Odindi ìwé ni wọ́n tú palẹ̀ torí owó, àwọn aláṣẹ tó yẹ kó dá wọn lẹ́kun ń wòran.

Àwọn tó ń tà á á ní bọ́dà, ìyẹn ọ̀ṣọ́ etí ìwé, lásán ni. Irọ́ ni! Ọ̀pọ̀ àwọn ayàwòrán tó ṣe bọ́dà wọ̀nyẹn ò kọ orúkọ sí i, ọnà ọwọ́ wọn la fi ń mọ ibi tí ìwé ti wá àti ìgbà tí wọ́n ṣe é. Ti Gẹ̀ẹ́sì láàárín 1400 sí 1480 ńkọ́, ẹ̀ka tín-ín-rín tí wọ́n fi gègé fà bí ìyẹ́ ẹyẹ, àwọ̀ ewé díẹ̀díẹ̀ lórí ẹ̀, wúrà róbóróbó láàárín, ẹni tójú ẹ̀ bá ti mọ̀ ọ́n ò ní pè é ní ti Faransé láé. Ẹ wo Sherborne Missal (ìwé ìsìn Máàsì ni missal) tó wà ní British Library, tí ayàwòrán John Siferwas àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ṣe ọ̀ṣọ́ sí ní nǹkan bí 1400 sí 1407: èdè Látìn ló wà nínú ìwé, àmọ́ àwọn ẹyẹ wà ní etí ẹ̀ tí wọ́n kọ orúkọ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì ayé ìgbà yẹn sí i. Ká ní wọ́n ti gé etí yẹn ńkọ́?

Ó sì ti ṣẹlẹ̀ rí. Carmelite Missal, ìwé Máàsì àwọn ẹlẹ́sìn Carmelite, tí wọ́n ṣe ní London kí 1400 tó pé, àwọn ọmọdé ló gé àwọn lẹ́tà ńlá aláràbarà inú ẹ̀ lẹ̀ mọ́ álúbọ́ọ̀mù, Margaret Rickert, onímọ̀ ìtàn iṣẹ́ ọnà ará Amẹ́ríkà, ló wá jókòó tì í, tó ń to àjákù jọ. Ọmọdé nìyẹn o, àwọn ti ìsinsìnyí, àgbà tó mọ iye tó máa pa ni!

Ohun tí mo fẹ́ ni òfin: ìwé tó bá ṣì wà lódindi, odindi ni kí wọ́n tà á. Èyí tó bá ti já tẹ́lẹ̀, kí wọ́n má gbé e dé gbàǹjo láìya fọ́tò ẹ̀ níwájú àti lẹ́yìn, títí dé etí pátápátá, kí wọ́n wọn gígùn àti fífẹ̀ ẹ̀, kí wọ́n ka iye ìlà tó wà níbẹ̀, kí wọ́n kọ orúkọ ẹni tí wọ́n ti rà á lọ́wọ́ ẹ̀, kí wọ́n wá kó gbogbo ẹ̀ síbi tẹ́nikẹ́ni lè wò ó lọ́fẹ̀ẹ́, torí bí bọ́dà méjì bá jọra, tí iye ìlà wọn dọ́gba, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé inú ìwé kan náà ni wọ́n ti já wọn, ọ̀kan lè wà ní London kí èkejì wà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tí ò bá lè ṣàlàyé bó ṣe débẹ̀, kó má tà á.

Àwọn tó ń tẹ káàdì àti ìwé àwòrán náà, kí wọ́n yéé gé etí ojú ìwé àtijọ́ dànù.

Òǹkàwé yín,
Peckham, London