Ọmọ ọ̀bọ tí mo tà padà wá bá mi

Olóòtú wa,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́ ni mo ti ń ta ẹran ìgbẹ́, ó ti lé lógún ọdún. Òyà, ẹtu, òkété, èyí tí ọdẹ bá ti gbé wá ni mò ń tà. Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ẹni tí kì í jẹran ló ni lẹ́tà yìí.

Ti àwọn tí wọ́n ń rà lọ́wọ́ wa láàyè ni mo fẹ́ sọ, àwọn tí kì í ṣe fún ọbẹ̀. Bí ọdẹ bá yìnbọn pa abo ọ̀bọ, ọmọ rẹ̀ kì í sá, àyà ìyá ló máa rọ̀ mọ́. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbé e dé ìsọ̀ wa, òkú ìyá tòun tọmọ ààyè. Ọmọ náà kò tó ẹran ìkòkò kan, ṣùgbọ́n àwọn tó ń fi jíìpù wá láti Lẹ́kkí ń san ju owó ìyá lọ lórí rẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ rí bíi ti ọmọ jòjòló.

Mo ta ọ̀kan fún ọ̀gbẹ́ni kan tó fẹ́ fi ṣe ọjọ́ ìbí fún ọmọ rẹ̀. Ó ní òun á rán ṣòkòtò fún un, gbogbo wa sì rẹ́rìn-ín. Ọdún kẹrin, ó padà dé, ó ṣí búùtù. Ọ̀bọ náà ti di géńdé, ẹ̀wọ̀n ti jẹ ìbàdí rẹ̀ wọ inú ẹran. Ó ti bu ọmọ náà jẹ lọ́wọ́, wọ́n sì ti gún ọmọ lábẹ́rẹ́ dìgbòlugi léraléra. "Ìyá, ẹ gbà á padà." Kí ni kí n fi ṣe? Igbó tí wọ́n ti mú un ti di ilẹ̀ tí wọ́n ń gé tà. Mo ní kó máa gbé e lọ. Mi ò mọ ibi tó gbé e sí, oorun ọjọ́ náà kò sì kun ojú mi.

Ṣebí a jọ gbọ́ ti 2019, nígbà tí wọ́n mú kìnnìún ọmọ ọdún méjì nínú ilé kan ní Victoria Island, ládùúgbò tí jẹ́lé-ó-sinmi wà. Ọgbà ẹranko tó wà ní Bógíje ni wọ́n gbé e lọ, lójú ọ̀nà tí à ń gbà wá sí Ẹ̀pẹ́.

Òfin wà. Ti 1985 ka orúkọ àwọn ẹranko tí a kò gbọdọ̀ mú. Ṣùgbọ́n èmi tí mò ń tà á gan-an, mi ò lè fi ojú mọ èyí tó wà nínú ìwé àti èyí tí kò sí. Ọmọ mi tó wà ní Netherlands ní tiwọn yàtọ̀: láti oṣù keje ọdún 2024, ẹranko afọ́mọlọ́mú 30 ni wọ́n kọ sílẹ̀ pé èèyàn lè sìn nílé. Èyí tí kò bá sí níbẹ̀, má sìn ín. Èyí tó ti wà lọ́wọ́ rẹ tẹ́lẹ̀, tọ́jú rẹ̀ títí yóò fi kú, má jẹ́ kó bímọ. Irú èyí ló yé mi. (Igbín ọbẹ̀ wa yìí ńkọ́? Ẹni tó bá sìn ín ní Amẹ́ríkà láìgba àṣẹ ti rú òfin, torí ó ń jẹ irè oko, ó sì ń gbé aràn. Ẹ wo nǹkan!)

Kí ìjọba Èkó kọ tiwa: ajá, ológbò, ehoro, ẹyẹlé. Odídẹrẹ́ dùn mí, torí bàbá mi ní ọ̀kan tó máa ń pe orúkọ mi láàárọ̀. Síbẹ̀, kí wọ́n yọ ọ́.

Àmọ́ kí wọ́n kọ́kọ́ sọ ibi tí a máa kó àwọn tó wà nílẹ̀ lọ. Bí ọmọ mi ṣe ń bá mi kọ èyí, alábahun mẹ́ta wà lábẹ́ tábìlì mi.

Ìyá Ẹlẹ́ran,
Ọjà Olúwo, Ẹ̀pẹ́.